Ìṣẹ́jú 4 ti tó: bí mo ṣe ń fi fíìmù Kérésìmesì kọ́ ọmọ Kòríà ní Gẹ̀ẹ́sì

Tó bá ti di ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù Kejìlá, mi ò tíì ní bọ́ ẹ̀wù òtútù tán lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀: "Tíṣà, múbì! Tíṣà, múbì!" "Movie" ni wọ́n ń pè. Kò sí "v" nínú èdè Kòríà, "b" ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Kò sí nínú Yorùbá náà, "f" làwa fi ń dí àlàfo tiwa, torí náà "múfì" nìyá mi máa ń pè é nígbà tá a wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi àtàwọn ọmọ náà, kò sẹ́ni tó lè fi ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́.

Suwon ni mo wà, gúúsù Seoul. Hagwon ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni táwọn ọmọ máa ń gbà lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde ilé-ìwé, táwọn òbí sì ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń béèrè: físà E-2 tí wọ́n fi ń gba olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọlé, ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè 7 kan ni wọ́n ń wò, Nàìjíríà ò sì sí lára wọn. Ìwé ìrìnnà Bìrìtìkó tí mo gbà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ní Peckham ni mo fi dé ibí.)

Kérésìmesì àkọ́kọ́ tí mo lò níbí, ojú tì mí. Home Alone ni mo gbé sí i, fíìmù ọdún 1990 tí gbogbo Kòríà mọ̀ bí ẹní mowó. Ọjọ́ olólùfẹ́ méjì ni Kérésìmesì lọ́dọ̀ wọn, àwọn tí kò sì lólólùfẹ́ a máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé Kevin, ọmọ inú fíìmù náà, làwọn máa bá ṣọdún. Ìṣẹ́jú 103 ni fíìmù náà. Ìṣẹ́jú 50 ni kíláàsì mi. Mo gé e sí mẹ́ta, mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Kòríà máa jáde nísàlẹ̀ rẹ̀, mo wá jókòó sẹ́yìn, mo ń máàkì ìwé.

Ọjọ́ kejì ni mo tó kíyè sí i pé ẹ̀rín àwọn ọmọ ń ṣáájú ọ̀rọ̀. Ẹni inú fíìmù kò tíì la ẹnu tán tí wọ́n á ti bú sẹ́rìn-ín. Subtitle ni wọ́n ń kà. Ojú ló ń ṣiṣẹ́, etí ti sùn lọ. Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe sí i, ìyá ọmọ kan ti pe ọ̀gá wa. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé kí ni wọ́n kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ọmọ ní "Kevin". Wonjangnim, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá hagwon nìyẹn, kò pariwo mọ́ mi. Kọfí ni wọ́n pò, wọ́n rọra gbé e síwájú mi kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ẹni tí àgbà bá tọ́ á mọ̀ pé ìyẹn le ju ariwo lọ.

Láti ìgbà náà, n kì í fi odindi fíìmù han ẹnikẹ́ni mọ́. Ìṣẹ́jú 4 ni mo ń mú, òun náà ni mo sì ń nà títí kíláàsì á fi parí.

Ibi tẹ́ ẹ máa mú ló ṣòro jù, torí náà ẹ má kánjú sí i. Ẹ jókòó nílé, ẹ pa ohùn fíìmù náà, kí ẹ wò ó bí adití. Bí ẹ bá lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láìgbọ́ nǹkan kan, ibẹ̀ dára. Bó bá jẹ́ èèyàn méjì ló jókòó tí wọ́n ń sọ ohun tó ń dùn wọ́n, ẹ fò ó. Nínú Home Alone, àárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò ni mo máa ń mú. Iná ti lọ lóru, aago ò dún, gbogbo ilé ta gìrì jí, wọ́n ń sáré sókè sódò, wọ́n ń ka orí àwọn ọmọ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, wọ́n sì ka ọmọ aládùúgbò kan tó wá yọjú mọ́ tiwọn. Iye pé, ni ẹbí bá gba Paris lọ, Kevin wà lókè ilé tó ń sùn. Kò sí ọmọ Kòríà tí kò mọ bí ilé ṣe máa ń dàrú láàárọ̀ tí gbogbo èèyàn bá pẹ́ jí. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ sì fúyẹ́ lẹ́nu: ta ló ń kà wọ́n? Mélòó ni wọ́n? Ta ni kò sí níbẹ̀?

Ẹ má mú ibi tí wọ́n ti ń bú Kevin nídìí oúnjẹ alẹ́. Mo mú un lọ́dún kan. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ wọn lóṣù yẹn, èébú kan ṣoṣo ló dúró, wọ́n sì ń fi kí ara wọn títí di oṣù Kejì.

Fún àwọn ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ A B C, The Snowman ti ọdún 1982 ni mo ń lò. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 26 lọ, àwọn tó wà nínú ìtàn náà kì í sì sọ̀rọ̀, orin kan ṣoṣo ló wà níbi tí wọ́n ti ń fò lójú òfurufú. Ẹlẹgbẹ́ mi kan bi mí pé èdè wo ni mo fẹ́ fi fíìmù odi kọ́ ọmọ. Mo ní torí pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ ni, àwọn ọmọ ló máa sọ ọ́. Ọmọ tó bá lè sọ "hat", "nose", "cold", "go up", ó ti lè sọ ìtàn náà dé ìdajì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ò pọ̀. Ẹ kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá tí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ má baà máa wá a kiri lójú ọmọ 12 tí wọ́n ń pariwo "Go! Go!" Ẹ dán ohùn wò kí wọ́n tó wọlé.

Subtitle lọ̀rọ̀ wà. Bí ti Kòríà bá ti wà níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ìwé kíkà lẹ̀ ń kọ́ wọn, èdè ìyá wọn náà sì ni. Lọ́dún kan, èyí tí mo rí lò, wọ́n ti lẹ ọ̀rọ̀ Kòríà mọ́ àwòrán, kò ṣeé yọ. Mo gé ẹ̀gbẹ́ páálí ramen, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n láti igun dé igun. Ọmọkùnrin kan ń na ọrùn bíi pé ó lè gba òkè páálí wo ẹ̀yìn rẹ̀. Páálí yẹn ṣì wà nínú dúróọ̀ mi.

Nínú kíláàsì, ìgbà mẹ́rin ni mo máa ń fi ìṣẹ́jú 4 yẹn hàn wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́, kò sí ohùn. Méjì-méjì ni wọ́n jókòó, ẹnì kan kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ẹnì kejì kẹ̀yìn sí i. Ẹni tó ń wò ó á máa ròyìn fún ẹni tí kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2, mo dá a dúró, wọ́n pààrọ̀ àyè. Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ ẹ máa gbọ́ á rí jákujàku: "Run! Many people! Bag! Mom angry!" Ẹ má ṣàtúnṣe rẹ̀. Ẹni tó kẹ̀yìn sí i ń fi gbogbo ara gbọ́, ìyẹn lẹ̀ ń wá. Ìgbà kejì, mo tan ohùn, mi ò gbé subtitle kankan jáde, mo fún wọn ní ìwé tí ọ̀rọ̀ 8 wà nínú rẹ̀, kí wọ́n máàkì èyí tí etí wọn bá mú. Ìgbà kẹta ni subtitle Gẹ̀ẹ́sì ń jáde, kí wọ́n rí ohun tí etí wọn tàsé. Ìgbà kẹrin, mo tún pa ohùn, àwọn ọmọ á dìde, wọ́n á máa fi ẹnu tiwọn sọ̀rọ̀ fún àwọn tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá ń ka orí ló máa ń dùn wọ́n jù láti ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá yá jù, ẹ dín bó ṣe ń sáré kù sí 0.75; tó bá kéré ju ìyẹn lọ, ohùn á dà bíi ti ẹni tó mutí yó.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè fò lọ́dọọdún. Mo máa ń kọ "Christmas" sójú pátákó, mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Keu-ri-seu-ma-seu. Àtẹ́wọ́ 5. Mo kọ tiwa sábẹ́ rẹ̀: Ké-ré-sì-me-sì. Àtẹ́wọ́ 5 náà. Wọ́n á wò mí bí ẹni rí ìbátan tó sọnù. Èdè méjèèjì kọ̀ kí kọ́ńsónáǹtì méjì há mọ́ra wọn nínú sílébù kan, èdè méjèèjì sì ti fáwẹ́lì bọ àárín wọn. Nígbà náà ni mo máa ní kí wọ́n gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n, kí wọ́n wá pè é bíi Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà méjì péré ló yẹ kí àgbọ̀n kan ọwọ́. Ọmọ tí àgbọ̀n rẹ̀ bá kan ọwọ́ nígbà márùn-ún á mọ̀ fúnra rẹ̀, mi ò ní pè é lórúkọ. Èmi náà gbé ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n mi, torí ìgbà míì wà tí tèmi náà ń fò kọjá méjì.

Ẹ tún múra sílẹ̀ fún ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé olùkọ́: "Tíṣà, ta ni hyeong?" Hyeong ni ọmọkùnrin ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, bó bá jẹ́ ọmọbìnrin ló ń pè é, oppa ni. Ẹ̀gbọ́n obìnrin, nuna ni ọmọkùnrin ń pè é, eonni ni ọmọbìnrin ń pè é, dongsaeng sì ni àbúrò. Àwọn ọmọ inú fíìmù yẹn pọ̀ bí esú, Gẹ̀ẹ́sì sì ń pe gbogbo wọn ní "brother" tàbí "sister", kò sọ ẹni tó bí sáájú. Ó máa ń dààmú wọn gan-an. Ó yé mi, torí ó máa ń dààmú èmi náà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London. Ẹ ya igi ìdílé náà sójú pátákó, kí ẹ kọ́ wọn ní "older" àti "younger" níbẹ̀, tí wọ́n nílò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ń yà wọ́n lẹ́nu jù ni pé Kevin ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ gbàgẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé nílé wa, ìgbátí ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ilé wa.

Àmọ́ ọdún tó wà nínú fíìmù yẹn kì í ṣe tiwọn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣì í. À ń kọ́ wọn ní "turkey" àti "stocking", nígbà tó jẹ́ pé kéèkì ni wọ́n ń rà ní 25 oṣù Kejìlá, wọ́n á sinmi lọ́jọ́ kan, ó tán. Bí ẹ bá parí ìṣẹ́jú 4 yẹn, ẹ bi wọ́n pé: ìgbà wo nilé yín máa ń kún báyìí? Seollal ni wọ́n máa dáhùn, ọdún tuntun tí wọ́n ń fi òṣùpá kà, tàbí Chuseok, ọdún ìkórè wọn. Ẹnu á wá tú. Wọ́n á sọ nípa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà. Wọ́n á sọ nípa sebae, bí wọ́n ṣe ń wólẹ̀ kí bàbá àgbà àti ìyá àgbà láàárọ̀ ọdún kí wọ́n tó gba owó. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì láti fi bí àwọn ọkùnrin tiwa ṣe ń ṣe é hàn wọ́n, mo sì na ọwọ́ fún owó. Wọ́n á sọ nípa tteokguk, ọbẹ̀ tí wọ́n ń gé àkàrà ìrẹsì sí, tí wọ́n ní ẹni tó bá jẹ ẹ́ ti fi ọdún kan kún ọjọ́ orí. Láti 28 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni òfin ti ní kí gbogbo Kòríà máa ka ọjọ́ orí láti ọjọ́ ìbí bíi ti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù, èyí sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní kíláàsì mi: bí ìjọba bá ti gba ọdún náà padà, ṣé ọbẹ̀ ṣì níṣẹ́ ni? Ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n fi jà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò dá sí i.

Fún àwọn àgbà ọmọ tó ṣe Suneung, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, tán nínú oṣù Kọkànlá, wọ́n ti rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo fíìmù.

Ní ti àwọn ìyá, ẹ má dúró kí wọ́n pe ọ̀gá. Ẹ bá wonjangnim sọ ọ́ lọ́sẹ̀ méjì sáájú, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ibi tẹ́ ẹ gé, kí wọ́n sì mọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i, torí hagwon ń pawó, àkáǹtì Netflix tẹ́ ẹ ń lò nílé kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Kí wọ́n wá fi ìsọfúnni ránṣẹ́ lórí KakaoTalk ní èdè Kòríà: ìṣẹ́jú 4, ọ̀rọ̀ 8, gbólóhùn 3. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó po kọfí fún mi mọ́.

Iṣẹ́ àmúrelé mi, pépà kékeré kan ni: bi ìyá àgbà rẹ ohun kan tí wọ́n gbà ní Seollal nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, kọ ọ́ wá ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní aṣọ ọdún bíi tiwa, seolbim ni wọ́n ń pè é, torí náà aṣọ ló kún inú pépà tó padà wá. Ọ̀kan kà pé: "Grandmother new shoes. Big. Put cotton. Walk walk walk." Mo dà á kọ sójú pátákó bó ṣe wà, mo ní kí wọ́n bá mi wá àwọn ọ̀rọ̀ tó sọnù nínú rẹ̀. Wọ́n rí "got" kíákíá, wọ́n rí "were too". Nígbà tá a dé "walk" mẹ́ta yẹn, ọmọ tó kọ ọ́ dìde, ó ní ká má fọwọ́ kàn án, bí ìyá àgbà òun ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. A fi í sílẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ò tàn lọ́jọ́ náà.