Bí A Ṣe Ń Fi Ọkọ̀ Yí Íslándì Ká Láìfi Òru Kọjá Ibi Tó Rẹwà

Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló yí orílẹ̀-èdè Íslándì (Iceland) ká. Nọ́ńbà 1 ni wọ́n fún un, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí 1,320 kìlómítà. Ọdún 1974 ni wọ́n tó parí afárá tó jẹ́ kí ọ̀nà náà pàdé ara rẹ̀ ní gúúsù. Ọ̀dà ló wà lórí rẹ̀, ó sì ṣòro kéèyàn ṣìnà níbẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ káwọn èèyàn fojú kéré rẹ̀ nìyẹn. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ àti ẹbí to ètò ìrìnàjò yìí, ibì kan náà ni wọ́n sì ti máa ń bà á jẹ́: iye ọjọ́. Ọ̀rọ̀ físà Schengen àti tíkẹ́ẹ̀tì, mo gbà pé ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ ka ọjọ́ yín dáadáa

Máàpù orí fóònù á ní láti Reykjavík, olú ìlú wọn, dé Jökulsárlón, adágún oníyìnyín kan ní gúúsù, nǹkan bí 370 kìlómítà, wákàtí márùn-ún ti tó. Ẹni tí kò ní dúró níbì kankan ni máàpù ń bá sọ̀rọ̀. Lójú ọ̀nà yẹn ni Seljalandsfoss wà, omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta tó ga tó 60 mítà, tí èèyàn lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ẹ ò tíì rìn jìnnà tí Skógafoss, omi míì tó ń já bọ́, fi máa dé, àtẹ̀gùn tó lé ní 500 ló gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé òkè. Vík, ìlú kékeré kan, ló tẹ̀ lé e. Kò sí èyí tí wákàtí kan tó fún nínú wọn, ẹ ó sì dúró láàárín ọ̀nà nígbà ogún torí òkè kan tàbí àwọn àgùntàn tó jókòó sójú títì.

Tọkọtaya kan tí mo mọ̀ fi ọjọ́ mẹ́fà sí gbogbo ẹ̀. Wọ́n ti sanwó ibi tí wọ́n máa sùn lálaalẹ́, owó tí kò ṣe é gbà padà. Ní ọjọ́ kejì, ìjì dé, wọ́n ti ọ̀nà gúúsù pa, inú ọkọ̀ ni wọ́n jókòó sí di ọjọ́ kẹta. Kí wọ́n lè bá owó tí wọ́n ti san, eré ni wọ́n ń sá látìgbà náà. Òru ni wọ́n fi kọjá Mývatn, adágún kan ní àríwá. Nígbà tí wọ́n dé, ìyàwó ń bi mí bóyá lóòótọ́ ni adágún kan wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́wàá ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ má wa ọkọ̀ ju 200 kìlómítà lọ lóòjọ́, kẹ́ ẹ sì fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lófìfo lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Ọjọ́ òfìfo yẹn kì í ṣe fún oorun, ìjì ló ni ín. Tí ìjì ò bá dé, ẹ ó rí nǹkan fi ṣe. Bó bá jẹ́ ọjọ́ márùn-ún péré lẹ ní, ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹ ò lè yí i ká. Ẹ lọ sí gúúsù dé Jökulsárlón, kẹ́ ẹ padà gba ibi tẹ́ ẹ gbà lọ. Ojú ọ̀run á ti yàtọ̀, ilẹ̀ náà á sì dà bí òmíràn.

Oṣù kẹfà ni mo máa ń lọ, torí ilẹ̀ kì í fẹ́ẹ̀ ṣú rárá nígbà náà. Ní oṣù Kejìlá, ìmọ́lẹ̀ wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni Reykjavík ń rí.

Ọkọ̀

Ọkọ̀ kékeré tó fún Ọ̀nà 1 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọ̀nà tí lẹ́tà F ṣíwájú nọ́ńbà wọn ló nílò ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, òfin ló sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ya fídíò ọkọ̀ náà yípo kẹ́ ẹ tó gbà á. Ẹ má yà kúrò lójú ọ̀nà sórí ilẹ̀ rárá. Owó ìtanràn rẹ̀ pọ̀, ewéko rírọ̀ tó bo àpáta ibẹ̀ sì ń pẹ́ gan-an kó tó hù padà. Ẹ rọ epo gbàrà tí táǹkì bá ti dé ìdajì, káàdì tó ní PIN sì ni ẹ̀rọ epo ń gbà. Eré tí òfin gbà lórí ọ̀dà ni 90 kìlómítà ní wákàtí kan, 80 lórí ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́. Ẹ ó bá àwọn afárá tí ọkọ̀ méjì ò lè pàdé lórí wọn: ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ń kọjá.

Ilẹ̀kùn ọkọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń gba ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn lọ́wọ́, á sì ká a sẹ́yìn títí á fi kan ara ọkọ̀. Mo rí i tó ṣe ọ̀rẹ́ mi kan, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ò tíì kanlẹ̀ tí irin fi dún. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìbánigbófò kì í san owó ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ imú ọkọ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kó lè máa ti ilẹ̀kùn padà. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú, kẹ́ ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan sì sọ̀ kalẹ̀ tán kí ẹnì kejì tó ṣí tiẹ̀. Kí n lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, mo máa ń so ìrépé aṣọ pupa kan mọ́ dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Tó bá nà tàn-ìn bí igi, mi ò ní sọ̀ kalẹ̀.

Láràárọ̀ àti lálaalẹ́, ẹ wo vedur.is fún ojú ọjọ́ àti umferdin.is fún ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀. Ẹ fi agboòrùn sílẹ̀ nílé, kẹ́ ẹ mú kóòtù àti ṣòkòtò tí omi ò lè wọ̀. Ẹ má ra omi inú ike, omi ẹ̀rọ wọn dáa láti mu.

Ẹ gba gúúsù lọ

Þingvellir ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé, níbi tí wọ́n ti dá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn sílẹ̀ ní ọdún 930, tí ilẹ̀ sì là sí méjì débi téèyàn lè rìn láàárín ògiri àpáta. Lẹ́yìn náà ni Strokkur, tó ń tu omi gbígbóná sókè ní bí ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́wàá síra, àti Gullfoss, omi ńlá tó ń já bọ́.

Reynisfjara, etíkun oníyanrìn dúdú tó wà lẹ́bàá Vík, ti gba ẹ̀mí àwọn àlejò. Ìgbì á máa wá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ni ọ̀kan á gòkè láìròtẹ́lẹ̀, á sì wọ́ èèyàn lọ. Iná ìkìlọ̀ wà níbẹ̀. Tó bá pọ́n, ẹ má kọjá rẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń dúró lókè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ń wo ibi tí ìgbì tó gùn jù gbé iyanrìn tutù dé, n ò sì ní súnmọ́ ibẹ̀ tó 30 mítà. Ẹ má kọ ẹ̀yìn sí òkun nítorí fọ́tò. Àwọn òpó òkúta dúdú tó wà níbẹ̀ ṣe é wò láti òkèèrè.

Ní Jökulsárlón, yìnyín ńláńlá ń léfòó lọ sínú òkun. Ẹ sọdá sí etíkun tó wà ní òdìkejì afárá, níbi tí omi ti ń gbé èérún wọn padà sórí iyanrìn dúdú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ọ̀kan dáadáa: ẹ ó rí afẹ́fẹ́ róbótóróbótó tó há sínú rẹ̀.

Àríwá àti ìwọ̀-oòrùn

Ẹ gba ọ̀nà 862 lọ wo omi tó ń já bọ́ ní Dettifoss, torí ọ̀dà ló wà lórí ọ̀nà náà. Ìtumọ̀ orúkọ Mývatn ni adágún kantíkantí, ẹ sì máa mọ ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ò bá fẹ́. Àwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi bo orí kò wọ́n. Ní Hverir, tí ẹrẹ̀ ti ń hó lẹ́bàá ibẹ̀, ẹ má kọjá okùn. Kàkà kẹ́ ẹ san owó ńlá síbi omi gbígbóná táwọn àlejò ń wọ́ lọ, odò ìwẹ̀ tó wà nínú ìlú ni kẹ́ ẹ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìlú tí kò ní in. Ẹ gbọ́dọ̀ bọ́ra pátá, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ inú omi. Ní ìlú Akureyri, iná pupa tó ń dá ọkọ̀ dúró rí bí àwòrán ọkàn. Inú àwọn ọmọdé á dùn sí i.

Kirkjufell, òkè kan ní agbègbè Snæfellsnes ní ìwọ̀-oòrùn, ni mo máa ń fi sí ìkẹyìn. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni kẹ́ ẹ débẹ̀ ní oṣù kẹfà. Àwọn bọ́ọ̀sì á ti lọ, ẹ ó rí ibi gbé ọkọ̀ sí, oòrùn ò sì ní tíì wọ̀.