Bí A Ṣe Lè Pín Àwọn Eléré Disc Golf sí Ìsọ̀rí, kí Orúkọ Ìsọ̀rí náà sì Bá Wọn Mu

Ẹni tó bá fẹ́ ṣètò ìdíje disc golf, eré tí a ti ń ju àwo pẹlẹbẹ láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ títí yóò fi bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ onírin tí ṣéènì rọ̀ sí, tí ẹni tí ìjù rẹ̀ kéré jù sì ń borí, yóò tètè rí i pé wíwá pápá àti apẹ̀rẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ tó le jù. Èyí tó le jù ni láti pinnu ẹni tí yóò bá ẹni du ipò kìíní. Ọmọ ọdún 12, ìyá àgbà ẹni 60 ọdún, ọ̀dọ́kùnrin tó ń fi eré náà jẹun, àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí kì í fọwọ́ kan àwo àfi ní ọjọ́ Sátidé, lè jọ wà lórí pápá kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bí ìpínsísọ̀rí bá dára, oníkálukú wọn yóò rí ẹni tí agbára wọn dọ́gba bá figa gbága. Bí kò bá dára, ìdajì wọn ti pàdánù kí wọ́n tó ju àwo àkọ́kọ́.

PDGA, ẹgbẹ́ tí Ed Headrick dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1976, ló ń ṣàkóso òfin eré yìí, ètò ìsọ̀rí rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìdíje ń tẹ̀ lé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kódà bí ìdíje yín bá kéré. Àmì kúkúrú ni wọ́n fi ń kọ ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà F dúró fún ìsọ̀rí tó jẹ́ ti obìnrin nìkan, M sì dúró fún ìsọ̀rí tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀. P jẹ́ ti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ń gbowó ẹ̀bùn, A jẹ́ ti àwọn tí kì í gbowó, J sì jẹ́ ti àwọn ọmọdé. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e máa ń sọ ọjọ́ orí tàbí ipele. Nípa bẹ́ẹ̀, MPO ni ìsọ̀rí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, FPO ni ti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ obìnrin, MP40 ni ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ti pé ogójì ọdún, MJ15 sì ni ti ọmọ tí kò tíì kọjá ọdún 15.

Ibi tí àwọn olùdarí ìdíje ti máa ń ṣìnà jù ni lẹ́tà M yẹn. Wọ́n á kọ “ìsọ̀rí ọkùnrin” sórí ìwé ìforúkọsílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé kò sí òfin tó ní kí obìnrin má wọ̀ ọ́. Obìnrin tí ọjọ́ orí àti agbára rẹ̀ bá yẹ fún ìsọ̀rí M lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ bó bá wù ú, àmọ́ ọkùnrin kò lè wọ ìsọ̀rí F. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí: “ìsọ̀rí gbogbogbò.” Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa orúkọ ìsọ̀rí kò ju èyí lọ: kí orúkọ náà sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé, kó má sọ ohunkóhun mìíràn. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé tí a ó sì wò níbí ni ọjọ́ orí, agbára, àti bóyá ìsọ̀rí náà jẹ́ ti obìnrin nìkan.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí rọrùn. Nígbà kan rí, Masters ni wọ́n ń pe ìsọ̀rí àwọn tó ti pé ogójì ọdún, Grandmasters ni ti àádọ́ta, Senior Grandmasters ni ti ọgọ́ta, Legends sì ni ti àádọ́rin. Orúkọ iyì ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlejò tó kà wọ́n kò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. PDGA ti fi nọ́ńbà ọjọ́ orí rọ́pò wọn nínú àmì ìsọ̀rí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé ọdún tí ènìyàn máa pé ogójì ni a ń wò, kì í ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an: ẹni tí yóò pé ogójì ọdún ní oṣù Kejìlá lè wọ ìsọ̀rí náà láti oṣù Kìíní ọdún yẹn.

Agbára ni ọ̀rọ̀ tó gba àròjinlẹ̀. PDGA máa ń fún eléré tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní máàkì kan tí wọ́n ń pè ní rating, tí wọ́n ń ṣírò láti inú àwọn ìyípo (ìyẹn gbígbá gbogbo apẹ̀rẹ̀ pápá kan tán lẹ́ẹ̀kan) tó ti gbá nínú ìdíje. Eléré tí rating rẹ̀ jẹ́ 1000 ti mọ eré náà dunjú. Paul McBeth, tó ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ti ní rating tó kọjá 1050. Lórí pápá alápẹ̀rẹ̀ 18 tí kò le jù, tí kò sì rọrùn jù, máàkì mẹ́wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìjù kan nínú ìyípo kan. Ẹni 850 tí a bá ní kó bá ẹni 1050 du ipò kan náà yóò fi nǹkan bí ogún ìjù gbẹ́yìn nínú ìyípo kan ṣoṣo, ìyẹn kì í sì í ṣe ìdíje mọ́.

Ìdí nìyí tí ààlà fi wà láàárín àwọn tí kì í gbowó. MA1, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Advanced, ló ga jù. Àwọn tí rating wọn kò tó 935 lè wọ MA2, Intermediate. Àwọn tí kò tó 900 lè wọ MA3, Recreational (ti eré ìdárayá). Àwọn tí kò tó 850 sì lè wọ MA4, Novice (ti akẹ́kọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀). Mo fara mọ́ àwọn ààlà yìí, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ gbogbo orúkọ wọn. Ẹni tí rating rẹ̀ jẹ́ 890, tó ń jí lóròòwúrọ̀ láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju àwo sí apẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí, kì í ṣe ẹni tó kàn wá ṣeré ìdárayá. Bákan náà ni ẹni tó ti ń gbá eré náà láti ogún ọdún sẹ́yìn, tí ọjọ́ orí ti dín ipá rẹ̀ kù, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ “Lábẹ́ 900” àti “Lábẹ́ 850” sórí pátákó èsì yín. Kò sí ẹni tí nọ́ńbà yóò bú, kò sì sí ẹni tí yóò nílò àlàyé.

Nọ́ńbà yìí náà ló ń dènà ìwà tí inú àwọn eléré kì í dùn sí, pé kí ẹni tó mọ eré dúró sí ìsọ̀rí ìsàlẹ̀ kó lè máa kó ẹ̀bùn lọ. Sandbagger ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Òfin tó yẹ kí ẹ fi lélẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè gòkè lọ sí ìsọ̀rí tó ga ju tirẹ̀ lọ, àmọ́ kò sí ẹni tó lè sọ̀ kalẹ̀ kọjá ààlà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ṣòro díẹ̀ bí eléré kò bá ní rating rárá. Ẹ bi í léèrè iye ìjù tó sábà máa ń fi parí pápá tí ẹ fẹ́ lò tàbí pápá mìíràn tí ẹ mọ̀, kí ẹ wá ẹni tí rating rẹ̀ hàn tó máa ń gbá iye kan náà níbẹ̀, kí ẹ sì fi àwọn méjèèjì sí ìsọ̀rí kan náà.

Ìsọ̀rí púpọ̀ kò túmọ̀ sí ètò dáadáa. Bí ènìyàn 40 bá forúkọ sílẹ̀, tí ẹ sì ṣí ìsọ̀rí 14, àwọn kan yóò gba ipò kìíní nínú ìsọ̀rí ẹni méjì, wọn kò sì ní láyọ̀ sí i. Fún irú iye yẹn, ìsọ̀rí márùn-ún ti tó: gbogbogbò, obìnrin, ogójì ọdún sókè, lábẹ́ 935 àti lábẹ́ 900. Bí ọmọdé mẹ́rin bá wá, ẹ ṣí tiwọn. Ẹ̀bùn àwọn tí kì í gbowó gbọ́dọ̀ jẹ́ àwo, aṣọ tàbí ife, nítorí ẹni tó bá gba owó nínú ìsọ̀rí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ti di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nìyẹn.

Nínú ìyípo kìíní, ẹ kó àwọn tó wà ní ìsọ̀rí kan náà pọ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin, kí olúkúlùkù lè máa rí eré ẹni tó ń bá a du ipò. Láti ìyípo kejì, ẹ fi iye ìjù wọn tò wọ́n. Bí ìsọ̀rí kan yóò bá máa gbéra láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ tó sún mọ́ apẹ̀rẹ̀ jù, ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ìsọ̀rí mìíràn nínú èsì.

Ìsọ̀rí obìnrin ni mo fẹ́ kí ẹ fún ní àkíyèsí jù lọ, torí òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pa rẹ́ bí ènìyàn kò bá pọ̀. Kristin Tattar láti Estonia gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé FPO lọ́dún 2022 àti 2023, eré rẹ̀ àti ti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sì ní òǹwòran tirẹ̀. Ìsọ̀rí náà kì í ṣe àfikún lẹ́bàá ti gbogbogbò. Bí obìnrin kan ṣoṣo bá forúkọ sílẹ̀, ẹ pè é ṣáájú ọjọ́ ìdíje, kí ẹ bi í bóyá ó fẹ́ dúró sínú ìsọ̀rí rẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú èsì, tàbí ó fẹ́ wọ ìsọ̀rí gbogbogbò tó bá rating rẹ̀ mu. Òun ni kó yàn, kí yíyàn náà sì ti parí kí àwo àkọ́kọ́ tó kúrò lọ́wọ́, nítorí eléré tí wọ́n bá gbé kúrò ní ìsọ̀rí rẹ̀ lẹ́yìn ìyípo kan kò mọ ẹni tó ń bá díje mọ́.