Bítréètì wo lẹ máa yàn tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí Opus tàbí AAC sí MP3?

Bítréètì ni iye dátà tí orin ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kbps ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Opus, AAC àti MP3 jẹ́ oríṣi fáìlì orin tó máa ń gé díẹ̀ lára ohùn kúrò kó lè kéré. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, orin tó bá ti wà ní MP3 128 kbps, tẹ́ ẹ bá yí i sí 320 kò ní dára sí i, fáìlì yẹn kàn máa tóbi ni, torí ohun tí wọ́n ti gé kúrò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò lè padà wá mọ́. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tún un yí ni wọ́n tún máa gé díẹ̀ lára ẹ̀.

Tí CD tàbí FLAC (fáìlì orin tí wọn ò gé nǹkan kan kúrò lára ẹ̀) bá wà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ jọ̀ọ́.

Ṣùgbọ́n ká ní Opus 128 lẹ ní, rédíò mọ́tò yín ò sì gbà ju MP3 lọ, ẹ má yan 128 torí pé nọ́ńbà yẹn bára mu o, MP3 nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lè dún bíi Opus. V0 (ìpele MP3 tó dára jù nínú àwọn tí bítréètì wọn máa ń yí padà bí orin ṣe ń lọ) lèmi máa ń lò, ó máa ń wà ní bíi 245 kbps. Ètò ffmpeg ni mo fi ń yí i, àṣẹ tẹ́ ẹ máa tẹ̀ rèé:

ffmpeg -i orin.opus -c:a libmp3lame -q:a 0 orin.mp3

Tí àyè ò bá sí lórí fláàṣì yín, V2 náà ò burú (ẹ fi 2 rọ́pò 0 tó wà lẹ́yìn -q:a), bíi 190 kbps ni. Wáàsù ò nílò tó yẹn, 64 kbps mono (ọ̀nà ohùn kan ṣoṣo) ti tó o.

Ẹ wá fi earpiece gbọ́ ibi tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti ń dún dáadáa. Tó bá ń dún wúruwùru bí ẹni pé ó wà lábẹ́ omi, ẹ gbé bítréètì sókè, tí V0 náà bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé fáìlì tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ gan-an ló ti bàjẹ́, ẹ lọ wá òmíì.