Bí a ṣe ń ya ìran ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lọ́nà ti Yasujiro Ozu

Bí ẹ bá béèrè ohun tó mú fíìmù Yasujiro Ozu (1903–1963), olùdarí ará Japan nnì, yàtọ̀, nǹkan méjì lẹ máa gbọ́: kámẹ́rà rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀, kì í sì í rìn. Irọ́ kọ́. Àmọ́ ẹni tó gbé kámẹ́rà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó fi í síbẹ̀ lásán, àwòrán kámẹ́rà ẹ̀ṣọ́ ló máa bá délé. Iṣẹ́ ìwọ̀n ni iṣẹ́ Ozu. Lẹ́ǹsì ní ìwọ̀n, gíga kámẹ́rà ní ìwọ̀n, ibi tí orí òṣèré wà nínú férémù (igun mẹ́rin àwòrán) ní ìwọ̀n. Bí àwọn ìwọ̀n yìí kò bá yẹ̀ láti ṣọ́ọ̀tì (àwòrán tí a yà láìdá kámẹ́rà dúró) dé ṣọ́ọ̀tì, ojú òǹwòran kì í rí nǹkan mìíràn tó máa fà á, àfi ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí orí tó kàn tẹ̀ díẹ̀ nínú fíìmù rẹ̀ fi lè wọni lára ju igbe ẹkún lọ.

Lẹ́ǹsì

Lẹ́ǹsì 50mm ni Ozu fi ya fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo fíìmù rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń wọlé, nítorí pé ojú àwòrán lórí fíìmù 35mm tó ń lò (35mm ni fífẹ̀ téèpù fíìmù náà pẹ̀lú àwọn ihò etí rẹ̀) kò fẹ̀ ju bíi 22mm lọ, gíga rẹ̀ sì jẹ́ bíi 16mm. Ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà òde òní tí wọ́n ń pè ní full-frame fẹ̀ tó 36mm. Bí ẹ bá ki 50mm bọ irú kámẹ́rà yẹn, yàrá á fẹ̀ jù, ògiri ẹ̀yìn á sá lọ, ẹrù ilé tí ẹ kò fẹ́ á sì wọ inú àwòrán. Fún full-frame, ẹ lo 75mm sí 85mm. Lórí kámẹ́rà APS-C tàbí Super 35, tí ojú tiwọn kéré sí ti full-frame, 50mm náà ló bá a mu. Lórí Micro Four Thirds, tí ojú tirẹ̀ tún kéré sí i, 40mm. Bó bá jẹ́ fóònù, ẹ lo lẹ́ǹsì rẹ̀ tó ń sún nǹkan mọ́ni ní ìlọ́po 3 bó bá ní in. Ẹ má fi ìka fẹ àwòrán. Kí férémù jẹ́ 4:3 (fífẹ̀ mẹ́rin sí gíga mẹ́ta). Ozu kò lo férémù gbọọrọ rí.

Lẹ́ǹsì yìí ń jẹ àyè. Kí ẹni tó jókòó sílẹ̀ tó wọ inú àwòrán láti orúnkún dé orí, ẹ nílò bíi mítà 3.5 sí 4. Fún àyà sókè, ó lé díẹ̀ ní mítà 2. Bí yàrá bá há, ọ̀pọ̀ máa ń sáré pààrọ̀ lẹ́ǹsì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ ya ìran náà gba ẹnu ọ̀nà. Ilé àwọn ará Japan tí ilẹ̀kùn wọn ń fà wọ ẹ̀gbẹ́ ló fún Ozu láyè láti ṣe é: àtẹ́rígbà àti òpó ilẹ̀kùn á di férémù inú férémù.

Gíga kámẹ́rà

Wọ́n sábà máa ń sọ pé ìwọ̀n ojú ẹni tó jókòó lórí ẹní tatami ni kámẹ́rà Ozu. Ó tún rẹlẹ̀ sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fún òṣèré tó jókòó sílẹ̀, ẹ fi àárín lẹ́ǹsì sí 40cm sí 60cm. Tripod (ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé) tó wọ́pọ̀ kì í lè sọ̀kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ gbé kámẹ́rà lé orí àpótí, kí ẹ fi àpò yanrìn kékeré tẹ́ ẹ nídìí. Yuharu Atsuta, tó di kámẹ́rà mú fún púpọ̀ nínú fíìmù rẹ̀, dídojúbolẹ̀ ló fi ń wo inú rẹ̀.

Ẹ má wá tìtorí pé kámẹ́rà rẹlẹ̀ kí ẹ gbé imú rẹ̀ sókè. Òpó ilẹ̀kùn ni kí ẹ máa wò: bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fara ti inú, tí kò bá etí férémù rìn lọ́gbọọgba mọ́, ẹ ti gbé e jù. Bí orí òṣèré bá ń gé, ẹ fà sẹ́yìn. Bó bá dìde dúró, ẹ má tẹ̀ lé e; ẹ dá ṣọ́ọ̀tì náà dúró, kí ẹ ya òmíràn pẹ̀lú lẹ́ǹsì ní ìwọ̀n ikùn rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ilẹ̀ á rọ́ pọ̀ di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tó jókòó á sì rí bí òkè tí ẹnikẹ́ni kò lè tì.

Àwọn méjì tó kọjú síra

Bí àwọn olùdarí yòókù ṣe ń yà á ni pé wọ́n á fọkàn fa ìlà kan láàárín òṣèré méjèèjì, kámẹ́rà kò ní kọjá ìlà náà, ọ̀kan á máa wo òsì, èkejì á máa wo ọ̀tún. Ozu ń kọjá ìlà yẹn láìbìkítà. Kámẹ́rà rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì, á wá yí padà pátápátá láti ya èkejì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ń wo inú lẹ́ǹsì, àwọn méjèèjì sì ń wo ẹ̀gbẹ́ kan náà.

Ẹ kọ́kọ́ ya ṣọ́ọ̀tì tó kó àwọn méjèèjì pọ̀, kí òǹwòran mọ ibi tí oníkálukú jókòó sí. Láìsí ìyẹn, ohun tó kù á dàrú mọ́ ọn lójú. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ apá ọ̀tún lẹ́ǹsì, bíi 8cm sí i, kó ga jù ú díẹ̀. Ibẹ̀ ni òṣèré àkọ́kọ́ máa wò. Ẹ fi téèpù wọn láti ojú lẹ́ǹsì dé imú rẹ̀, ká ní ó jẹ́ 220cm. Ẹ fi ìlẹ̀mọ́ sàmì sí ibi tí ojú rẹ̀ àti àgbọ̀n rẹ̀ bọ́ sí lórí mọnítọ̀.

Ó kan èkejì: 220cm náà, gíga kan náà, bébà ní apá ọ̀tún kan náà, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sórí àmì ti àkọ́kọ́. Bó bá kúrú, ẹ fi tìmùtìmù sábẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ife orí tábìlì ńkọ́? Ẹ sún un títí tó fi máa bọ́ síbi tí ife àkọ́kọ́ wà nínú férémù. Ozu máa ń sún ife àti ìgò kiri láàárín ṣọ́ọ̀tì méjì nítorí ẹwà àwòrán. Ẹni tó ń ṣọ́ bí ṣọ́ọ̀tì ṣe bára mu á ráhùn. Ẹ jẹ́ kó máa ráhùn. Ohun tí òǹwòran máa kíyè sí ni ife tó kún tẹ́lẹ̀ tó ṣàdédé di àbọ̀.

Bí ojú kan bá ń rọ́pò ojú kejì níbì kan náà, ìjókòó ẹni tó ń gbọ́rọ̀ ni òǹwòran bá ara rẹ̀, lọ́tùn-ún lósì. Gígé méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ á ṣàjèjì sí i, lẹ́yìn náà ojú á mọ́ ọn lára. Bí òṣèré bá wo inú lẹ́ǹsì gan-an, ó ti di akàròyìn. Bí bébà bá sì jìnnà tó 30cm, ńṣe ló máa dà bíi pé ẹnì kẹta tí a kò rí ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ṣọ́ọ̀tì tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀

Nínú Banshun (1949), ọ̀kan lára fíìmù Ozu, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Noriko àti bàbá rẹ̀ sùn sí ilé àlejò kan ní Kyoto. Noriko dùbúlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àjà. A rí ìkòkò òdòdó kan níwájú fèrèsé oníbébà, òjìji ewé wà lára fèrèsé náà. A padà sọ́dọ̀ Noriko: ẹ̀rín ti lọ, omijé ti ń bọ̀. A tún rí ìkòkò náà. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí ìkòkò túmọ̀ sí, kò sì yẹ kó túmọ̀ sí nǹkan kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún òǹwòran láyè kí ìbànújẹ́ náà tó wọlé.

Láàárín ìran méjì, ẹ to méjì sí mẹ́rin irú rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 4 sí 7 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí nǹkan máa mì nínú rẹ̀, bíi aṣọ tí wọ́n sá, èéfín, òjìji. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró gbagidi, òǹwòran á rò pé fíìmù ti há. Ẹ jẹ́ kí ohun kan náà hàn nínú ṣọ́ọ̀tì méjì tó tẹ̀ léra: fìtílà lókèèrè, lẹ́yìn náà fìtílà nítòsí. Àbẹ́là tó kú láti fi sọ pé ẹnì kan kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Àwọ̀

Higanbana (1958) ni fíìmù aláwọ̀ tí Ozu kọ́kọ́ ṣe, téèpù fíìmù ilé iṣẹ́ Agfa ló sì yàn láti fi yà á nítorí bí pupa ṣe ń jáde lórí rẹ̀. Kẹ́tù pupa kan wà nínú ilé náà tí ojú kì í lè fò. Ohun tó gbé kẹ́tù náà yọ ni pé ìyókù yàrá kò pariwo: igi, ẹní, eérú, búráùn. Ohun pupa kan ti tó, kó má tóbi ju orí òṣèré lọ. Bí òṣèré bá wọ aṣọ pupa, kẹ́tù ti kú nìyẹn.

Ẹ́dítì

Gígé tààrà ni o, kí àwòrán kan má yọ́ wọ inú òmíràn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí, ẹ dúró fún férémù 8 sí 12 (àwọn àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fíìmù), kí ẹ tó gé. Kí èkejì má sì lanu lójú ẹsẹ̀. Fún èyí, òṣèré kò gbọdọ̀ já lu ara wọn lẹ́nu nígbà tí ẹ ń yà á. Bí ẹnì kan bá jáde kúrò nínú yàrá, ẹ jẹ́ kí yàrá òfìfo náà wà fún bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Kí ẹ tó tú òṣèré ká, ẹ gbé ṣọ́ọ̀tì àwọn méjèèjì lé orí ara wọn nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ jẹ́ kí ti òkè hàn gbà ní ìdajì. Bí ojú bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí ojú, ó ti tó. Fífẹ àwòrán ní 3% sí 5% lè tún èyí tó kù ṣe. Bí àgbọ̀n ọ̀kan bá bọ́ sẹ́nu èkejì, ẹ gbé kámẹ́rà padà síbi tó wà, kí ẹ tún un yà.