Bí Mo Ṣe Fi Alùpùpù àti Ẹsẹ̀ Rìn Ká Igbó Ọba Nígbà Ìsinmi

Alùpùpù máa ń gbé èèyàn dé ibi tí ẹsẹ̀ kò lè dé kílẹ̀ ó tó ṣú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ la fi ń rí igbó, torí ẹranko á ti gbúròó ẹ́ńjìnì kẹ́ ẹ tó yọ sí i. Bí mo ṣe ṣètò ọjọ́ ìsinmi mi nìyí: láti ìdájí títí di ìyálẹ̀ta, mo fẹsẹ̀ rìn, nígbà tí oòrùn mú, mo wábi jókòó, lẹ́yìn náà ni mo gun alùpùpù lọ síbi tí mo fẹ́ rìn lọ́jọ́ kejì. Agbára tó máa ṣẹ́ kù lára lẹ́yìn ìrìn ni mo fi díwọ̀n gbogbo rẹ̀. Ara tó ti rẹ̀ lè dá ọlọ́kadà ṣubú bí ọ̀nà burúkú ṣe lè ṣe é.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé mo béèrè bóyá alùpùpù lè wọ igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba ń dáàbò bò. Òfin àwọn igbó ọba ò dọ́gba. Kruger ní Gúúsù Áfíríkà kì í gba alùpùpù wọlé torí kìnnìún àti erin. Yellowstone ní Amẹ́ríkà, tó ti wà láti ọdún 1872, gbà á lójú títì tí ọkọ̀ ń gbà. Ẹ̀ṣọ́ igbó ni mo bi léèrè odò tó kún, afárá tó wó àti ọ̀nà tí wọ́n tì pa, torí máàpù kì í tètè mọ ìwọ̀nyẹn. Mi ò gbé táyà kan ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ rárá. Ibi tí táyà bá ti fà, ibẹ̀ ni omi òjò máa gbà, tí yóò sì wú ilẹ̀ di kòtò.

Lára alùpùpù, ṣéènì ni mo kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ alùpùpù tó ń gba ọ̀nà eruku ń fẹ́ kí ṣéènì dẹ̀ ní nǹkan bíi 30 sí 40 mílímítà, àmọ́ ohun tó wà nínú ìwé alùpùpù yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹrù máa ń tẹ ẹ̀yìn alùpùpù mọ́lẹ̀, ṣéènì á sì le sí i. Bó bá ti le tẹ́lẹ̀, ó lè já tàbí kó ba bọ́rìn jẹ́. Lórí òkúta wẹ́wẹ́, mo dín atẹ́gùn táyà kù láti 32 psi (ohun tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn táyà) sí 25. Bó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, òkúta á há túùbù mọ́ ara rímù, ojú ihò méjì á lu sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, páńpù kékeré, àlẹ̀mọ́ túùbù àti sípánà tó bá nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn mu ò gbọdọ̀ kúrò nínú àpò. Ẹrù tó wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń gbé, kó sún mọ́ ẹni tó jókòó.

Ibi tí mo gbé alùpùpù sí gba ìrònú. Mi ò gbé e sórí koríko gbígbẹ, torí sálẹ́ńsà gbígbóná lè dá iná sígbó. Mo fi pákó pẹlẹbẹ tó tó àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ sítáǹdì, kó má baà rì sínú iyanrìn. Kí n tó fi í sílẹ̀, mo ti yí orí rẹ̀ sójú ọ̀nà tí n ó gbà padà: yíyí alùpùpù tó ru ẹrù lẹ́yìn ìrìn gígùn, ìyà gidi ni. Mo bọ́ bàtà alùpùpù, mo wọ bàtà ìrìn. Bàtà alùpùpù ń dáàbò bo ọrùn ẹsẹ̀, àmọ́ abẹ́ rẹ̀ kì í tẹ̀, á sì bó gìgísẹ̀ láàárín wákàtí kan. Mo fi lítà omi kan sílẹ̀ lára alùpùpù, tí mi ò ní fọwọ́ kàn àfi tí mo bá padà dé.

Fún àkókò ìrìn, òdiwọ̀n tí William Naismith, ọmọ Scotland kan tó máa ń gun òkè, gbé kalẹ̀ lọ́dún 1892 ni mo lò: wákàtí kan fún kìlómítà 5, ẹ fi wákàtí kan sí i fún gbogbo 600 mítà tẹ́ ẹ bá gòkè. Nínú oòrùn, pẹ̀lú àpò lẹ́yìn, mo tún fi ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kún un. Omi ìlàjì lítà ní wákàtí kan tó bí ojú ọjọ́ bá tutù. Nínú ooru, ó lè di lítà kan. Mo ti gba máàpù sórí fóònù tẹ́lẹ̀, mo wá pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, torí fóònù tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri máa ń jẹ bátìrì tán. GPS, tó ń fi ibi téèyàn wà hàn, ṣì ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má so fóònù mọ́ apá alùpùpù láìní ohun tó ń gba ìgbọ̀nrìrì: Apple fúnra rẹ̀ kìlọ̀ ní 2021 pé ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnì lè ba kámẹ́rà iPhone jẹ́. Ní ti ẹranko, òfin Yellowstone ni mo mú lò níbi gbogbo: mítà 91 sí béárì, ìkookò àti cougar (ẹranko ńlá kan tó jọ ológbò), mítà 23 sí àwọn yòókù. Bí ẹranko bá ti dá jíjẹ dúró tó ń wò yín, ẹ ti sún mọ́ ọn jù.

Nígbà tí mo padà dé ìdí alùpùpù, mi ò gùn ún lójú ẹsẹ̀. Mo jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo mu lítà omi yẹn, mo wá tẹ kúlọ́ọ̀ṣì bíi ẹ̀ẹ̀mẹwàá láìtan ẹ́ńjìnì. Bí ìka bá ń gbọ̀n tàbí tí kò lè tẹ̀ ẹ́ dópin, ìsinmi ò tíì tó. Mo sì rí i dájú pé mo jáde kí oòrùn tó wọ̀, torí ìrọ̀lẹ́ ni ẹranko máa ń sọdá, èyí tó ṣáájú kì í sì í sábà dá nìkan wà. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ dẹwọ́ eré, kẹ́ ẹ máa retí ìkejì.