Bí A Ṣe Ń Dá Pọ́líẹ́sítà Mọ̀ Lára Aṣọ, àti Ohun Tó Wà Nínú Rẹ̀

Pọ́líẹ́sítà kì í ṣe aṣọ kan ṣoṣo. Orúkọ ìdílé ni. Ọmọ inú ìdílé náà pọ̀, ìwà wọn ò sì dọ́gba. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára aṣọ ni PET, òun kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ike omi tí à ń rà mu. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe so èròjà inú rẹ̀ pọ̀ á mọ ìdí tó fi tètè ń gbẹ, ìdí tí òórùn òógùn fi ń lẹ̀ mọ́ ọn, àti ìdí tí áyọ́ọ̀nù fi ń bà á jẹ́.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀

Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti sábà ń rí èròjà méjì tí wọ́n fi ń ṣe PET. Ọ̀kan jẹ́ ásíìdì, terephthalic acid lorúkọ rẹ̀. Èkejì jẹ́ irú álíkóhọ̀lù kan tí wọ́n ń pè ní ethylene glycol, èyí tí wọ́n tún ń pò mọ́ omi inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kó má baà dì nígbà òtútù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ojú méjì tó lè fi di ẹnì kejì mú. Bí ásíìdì bá di álíkóhọ̀lù mú, omi á yọ jáde níbẹ̀, ojú ìso tó kù ni wọ́n ń pè ní ésítà. Bí wọ́n ṣe ń dira wọn mú lọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n náà ń gùn, títí ìsopọ̀ náà á fi tó nǹkan bí 100 lórí ẹ̀wọ̀n kan.

Omi yẹn, àti ethylene glycol tó tún ń yọ jáde bí àwọn ẹ̀wọ̀n ṣe ń so pọ̀, kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀, torí bí wọ́n bá dúró, ẹ̀wọ̀n náà ò ní gùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń sè é, tí ooru ibẹ̀ sì ń lé ní 270°C. Ohun tó yọ́ náà ni wọ́n ń tì gba inú irin tó ní ihò wẹ́wẹ́ kó lè di fọ́nrán. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fa fọ́nrán náà gùn ní ìlọ́po mélòó kan. Fífà yìí ló ń fún un lágbára, torí ó ń mú kí àwọn ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ tò sọ́nà kan náà. Ní ọdún 1941 ni John Rex Whinfield àti James Tennant Dickson rí ọ̀nà yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Terylene ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é.

Ìgbésẹ̀ 1: Ka ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ

Wo bébà kékeré tí wọ́n rán mọ́ ọrùn tàbí ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà. Bí o bá rí “65% polyester, 35% cotton”, àdàlù ni. “Recycled polyester” ṣì jẹ́ PET. Ike tí wọ́n ti lò ni wọ́n sábà ń rún wẹ́wẹ́, tí wọ́n á yọ́, tí wọ́n á tún fà ní fọ́nrán. Má ṣe jẹ́ kí “satin” tàn ọ́ jẹ. Bí wọ́n ṣe hun aṣọ náà ni ó ń sọ. Ó lè jẹ́ sílíkì, ó lè jẹ́ pọ́líẹ́sítà.

Ìgbésẹ̀ 2: Kán omi sí i

Fọ aṣọ náà kó gbẹ kọ́kọ́, torí oògùn tí wọ́n fi kùn ún láti ilé iṣẹ́ lè ṣini lọ́nà. Kán omi kan sí i. Òwú á mu ún kíákíá. Pọ́líẹ́sítà tí wọ́n hun pinpin á jẹ́ kó jókòó síta fúngbà díẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, omi tó ń wọ inú fọ́nrán PET kò ju nǹkan bí 0.4% ìwọ̀n rẹ̀ lọ, nígbà tí ti òwú ń sún mọ́ 8%. Àmọ́ pọ́líẹ́sítà àti ọ̀rá mọwọ́ ara wọn dáadáa, ìyẹn ni àbàwọ́n epo àti òórùn ara kì í fi í tètè kúrò níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Fi iná dán an wò

Èyí ló dájú jù nínú àwọn ohun tí a lè ṣe nílé, ó sì gba ìṣọ́ra gidi. Fa fọ́nrán méjì tàbí mẹ́ta yọ níbi ojú rírán inú aṣọ. Fi ẹ̀mú irin dì í mú lókè abọ́ irin, kí omi wà nítòsí, kí ọmọdé má sì sí níbẹ̀. Rọra sún un mọ́ iná àbẹ́là.

Kó tó kan iná rárá, pọ́líẹ́sítà á ti máa súnkì sẹ́yìn. Á yọ́, á máa jó díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú èéfín dúdú, ó sì lè máa kán. Jẹ́ kó tutù pátápátá kí o tó fọwọ́ kàn án, torí èyí tó ṣì gbóná á lẹ̀ mọ́ awọ ara, á sì bó o. Ohun tó máa kù jẹ́ kóró dúdú líle tí ìka ò lè tẹ̀ fọ́. Òwú máa ń rùn bíi bébà tó ń jó, eérú rẹ̀ sì fúyẹ́. Irun àgùntàn àti sílíkì máa ń rùn bí irun tó jóná. Bí o bá rí eérú àti kóró líle pọ̀, àdàlù ni.

Ìgbésẹ̀ 4: Wá irú èyí tó jẹ́

Iná ò lè sọ èyí fún ọ. Ohun tí wọ́n fi aṣọ náà ṣe àti ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni wàá wò. Ásíìdì kan náà ni wọ́n ń lò fún púpọ̀ nínú wọn, álíkóhọ̀lù ni wọ́n ń pààrọ̀. Bí wọ́n bá fi butanediol rọ́pò ethylene glycol, PBT ló máa jáde: ó ń nà, ó sì ń padà, ó sì dára fún aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́. Propanediol ń fúnni ní PTT, tí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ṣe é kì í tètè tẹ́ pẹrẹsẹ bí èèyàn bá ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n lè rí propanediol náà látara àgbàdo. PCDT kò lágbára tó PET, ṣùgbọ́n ó máa ń kún, ó sì dára fún kọ́tìnnì àti aṣọ àga. PLA ní tiẹ̀ kò ní terephthalic acid nínú rárá. Ṣúgà inú irúgbìn ni wọ́n ti ń rí i.

Ìgbésẹ̀ 5: Yan ooru áyọ́ọ̀nù

PET ò ní yọ́ títí ooru á fi dé nǹkan bí 255°C, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 70°C ló ti ń rọ̀, ibẹ̀ ni ìhunjọ ti ń wọ ọ́ lára tí kò sì ní fẹ́ kúrò mọ́. Nítorí náà, má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí áyọ́ọ̀nù má sì kọjá àmì onítóótó (kóró róbótó) méjì tó wà lára rẹ̀, ìyẹn 150°C. PLA ń yọ́ ní nǹkan bí 170°C, tóótó kan ti tó o, kí o sì tẹ́ aṣọ òwú tín-ínrín lé e lórí kí o tó lọ̀ ọ́.