Ẹ má fi owó àjò yín ṣòfò ní ilé ọnà òde òní

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń mú àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin wa níbí lọ wo ilé ọnà òde òní, láti Ouidah títí dé London. Mo mọ bí owó àjò ṣe ń ṣòro kó jọ. Ẹlòmíràn dá èésú ọdún méjì kó tó pé. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá fi ogún ìṣẹ́jú sáré la gbogbo yàrá kọjá, tó ní òun ti rí i tán, ó máa ń dùn mí wọ egungun.

Èkíní, ẹ má kúrò nílé láìbéèrè bóyá wọ́n ṣílẹ̀kùn. Centre Pompidou ní Paris ti wà ní títì fún àtúnṣe láti ọdún 2025, ọdún 2030 ni wọ́n sì ní àwọn máa ṣí i padà. Síbẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé ibẹ̀ làwọn fẹ́ lọ.

Èkejì, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹni tó dúró síta. Ní Tate Modern ní London, ọ̀fẹ́ lẹ máa wo àwọn iṣẹ́ tó jẹ́ ti ilé náà fúnra rẹ̀. Àfihàn àkànṣe ni wọ́n ń gbowó lé.

Ẹ̀kẹta, bàtà tuntun. Ẹ fi í sílé.

Èyí tó ń bí mi nínú jù lọ ni kéèyàn wo iṣẹ́ ọnà kó ní “ṣebí a ní èyí nílé.” Mo mú ọmọkùnrin ará Àjàṣẹ́ kan dé ilé ọnà kan ní Yúróòpù. Ó rí ojú kan tí wọ́n fi kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù ṣe, ó bojú wò mí: “Tàǹtí, ṣé bídọ́ọ̀nù la wá wò nílùú òyìnbó?” Ó ti ń kọjá lọ. Mo fà á lápá padà.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ni Romuald Hazoumè tó ṣe irú àwọn ojú bẹ́ẹ̀. Ọdún 1962 ni wọ́n bí i. Ẹnu kẹ́ẹ̀gì ló fi ṣe ẹnu, ibi ìdìmú rẹ̀ ló fi ṣe imú. Àwọn tó ń gbé epo wọlé láti Nàìjíríà máa ń yá kẹ́ẹ̀gì níná kó lè wú, kó gba epo sí i, wọ́n á sì máa fi alùpùpù kó o títí á fi bẹ́. Hazoumè rí ẹrú nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn: wọ́n lò ó dé góńgó, wọ́n sọ ọ́ nù. 304 irú ojú bẹ́ẹ̀ ló tò bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi kó ẹrú, tó pè é ní La Bouche du Roi, orúkọ ẹnu odò Mono níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn wa lọ. British Museum rà á lọ́dún 2007.

Mo sọ gbogbo èyí fún un. Ó lóṣòó, ó ń wo ikùn kẹ́ẹ̀gì náà, níbi tí rọ́bà ti nà títí ó fi funfun. Ó ní bí ti ẹ̀gbọ́n òun tó ń gbé epo láti Ìgólò lẹ́nu ibodè ṣe rí gan-an nìyí. Kò gbéra níbẹ̀ títí wọ́n fi ní a fẹ́ tilẹ̀kùn.

Àwọn tó ń yọ fóònù ńkọ́? Wọ́n á yà á, wọ́n á kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fojú wò ó ná. Iṣẹ́ márùn-ún péré ti tó fún ọjọ́ kan. Ẹ jókòó síwájú wọn.

Ẹ má sì fo Ouidah dá kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Ilé Ajavon tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1922 ni àjọ Fondation Zinsou sọ di ilé ọnà Áfíríkà òde òní lọ́dún 2013. Ẹni tó bá tètè jí l'Ájàṣẹ́ á wò ó dáadáa, á sì padà sùn nílé. Ibẹ̀ ni mo ń kọ́kọ́ mú gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ sí London lọ báyìí.